Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Òfìo Nínú Ilẹ̀ Ọ̀rinrin

Nínú ìwé wa tó ṣáájú èyí, gbólóhùn kan péré la kọ nípa òfìo: pé igun ọgbà tí kì í gbẹ ni kí ẹ fún un. Gbólóhùn yẹn ló fa gbogbo lẹ́tà tó wà níwájú wa báyìí, a sì mú méje nínú wọn. Fún ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ́nu tí kò mọ̀ ọ́n lóko: òfìo, tí àwọn kan ń pè ní imumu, tí àwọn Hausa ń pè ní aya, kì í ṣe ẹ̀pà, kì í sì í ṣe èso igi. Ìdílé kan náà ni òun àti dáńdá. Cyperus esculentus ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko. Ó ń hù fúnra rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà, pàápàá níbi tí omi kò jìnnà sí. Kóró tí à ń jẹ, orí okùn gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ ló ti ń wú lábẹ́ ilẹ̀, bí iṣu kékeré.

*Ẹ̀yìn ilé wa kì í gbẹ láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kọkànlá. Bí òjò bá rọ̀ gan-an, omi máa ń dúró síbẹ̀ tó ọjọ́ méjì. Ṣé òfìo á ṣe dáadáa níbẹ̀? Bó bá máa ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tò ó lẹ́sẹẹsẹ fún mi.*
— Ìyá oníléèwé jẹ́lé-ó-sinmi, Ìkòròdú

Ẹ kú ìbéèrè o, mà. Òfìo fẹ́ràn ọ̀rinrin, àmọ́ kò fẹ́ kí omi ká òun mọ́lé. Omi ọjọ́ méjì ti pọ̀ jù fún un, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ má gbìn ín. Ẹ ó kàn gbé ilẹ̀ sókè ni.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ wò. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ da omi kún un, kẹ́ ẹ jẹ́ kó fà tán, kẹ́ ẹ tún da omi kún un lẹ́ẹ̀kejì. Omi kejì yìí lẹ máa wò. Bó bá fà tán láàárín wákàtí mẹ́rin, ẹ lè gbìn sórí ilẹ̀ bó ṣe wà. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí omi ṣì wà nínú ihò, ẹ nílò pèpéle tó ga tó 25 sí 30 sẹ̀ǹtímítà. Àmọ́ bí ẹ bá gbẹ́ ihò tí omi sì ń sun wọ inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó da nǹkan kan sí i, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún kókò. Kókò ló lè bá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbé.

Ìdí ni pé gbòǹgbò ń mí. Bí omi bá dí gbogbo àlàfo inú iyẹ̀pẹ̀, afẹ́fẹ́ ò sí mọ́. Ewé òfìo kì í sì í tètè jẹ́wọ́ ìyà. Ó lè tutù yọ̀yọ̀ lókè nígbà tí kóró ti ń dúdú, tó ń jẹrà, tó ń rùn nísàlẹ̀. Ìyẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ.

Ẹ ṣe pèpéle náà ní mítà 3 ní gígùn àti mítà 1.2 ní fífẹ̀, kí ọwọ́ yín lè dé àárín láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìjẹ́ pé ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ yọ aporo yí i ká kí omi òjò rí ọ̀nà lọ. Ní ti iyẹ̀pẹ̀, ẹ mú ẹ̀kúnwọ́ kan nígbà tó rin, kẹ́ ẹ fi ìka fún un jáde bí okùn. Bí okùn náà bá gùn ju ìka ìlábẹ̀ lọ kó tó já, amọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Korobá mẹ́ta irú iyẹ̀pẹ̀ bẹ́ẹ̀ nílò korobá méjì yanrìn odò. Yanrìn etí òkun kọ́ o. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ po korobá méjì ìgbẹ́ màlúù tàbí ti adìẹ tó ti jẹrà dáadáa mọ́ pèpéle kan, ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó gbìn.

Iyanrìn yìí kì í ṣe tìtorí omi nìkan. Ọjọ́ tí ẹ bá máa hú òfìo lẹ máa mọ oore rẹ̀. Nínú amọ̀, kóró á rí wọ́gọwọ̀gọ, ẹrẹ̀ á há sínú ìlà ara rẹ̀, ẹ ó sì fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ yín á fi bó. Nínú ilẹ̀ oníyanrìn, ẹ gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó mọ́.

Ẹ rẹ kóró tí ẹ fẹ́ gbìn sínú omi fún wákàtí 24 sí 48, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Èyí tó bá ṣì léfòó lẹ́yìn náà, ẹ dà á nù. Inú rẹ̀ ti ṣófo. Ẹ wé ìyókù sínú aṣọ tútù fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí ojú funfun á fi yọ. Ẹ la ìlà mẹ́rin sórí pèpéle, 30 sẹ̀ǹtímítà sí ara wọn. Lórí ìlà, kí ihò kan jìnnà sí èkejì ní 15 sẹ̀ǹtímítà, kó jìn ní 3 sẹ̀ǹtímítà, kẹ́ ẹ sì fi kóró méjì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ogún ihò ní ìlà mẹ́rin jẹ́ ọgọ́rin, kóró rẹ̀ sì jẹ́ 160. Agolo mílíkì kan á tó yín.

Ó máa ń hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ má jẹ́ kí ojú ilẹ̀ gbẹ nínú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Ẹ ro ó ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kẹ́ ẹ tún fọwọ́ tu èpò rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ọkọ́ ò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, torí okùn gbòǹgbò tó ń gbé kóró ti ń rìn káàkiri nítòsí ojú ilẹ̀, ẹnu ọkọ́ á sì gé e.

Ẹ lè gbìn ín ní ìparí oṣù Kẹrin, kẹ́ ẹ hú u nígbà tí òjò bá sinmi ní oṣù Kẹjọ. Ẹ sì lè gbìn ín láàárín ìparí oṣù Kẹjọ sí ìdajì oṣù Kẹsàn-án, kí òjò àrọ̀kúrò tọ́ ọ dàgbà, kẹ́ ẹ hú u ní oṣù Kejìlá. Tiwa ni pé kẹ́ ẹ mú ìgbà kejì. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ni òfìo fi ń gbó. Ẹni tó bá hú u nígbà ọyẹ́ á rí oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ sá a. Oṣù Kẹjọ, ojú ọ̀run kì í là. Ẹni tó ní àkúrọ̀ ní tirẹ̀ lè dúró títí omi á fi fà, kó gbìn ín ní oṣù Kọkànlá.

*Mo ra òfìo lọ́wọ́ àwọn tó ń fi bárò tà á, mo gbìn ín, kò hù. Mo tún ra èyí tó wà nínú ọ̀rá ní ilé ìtajà ńlá, kò hù. Ṣé ọwọ́ mi ni kò dára ni?*
— Télọ̀ kan, Abẹ́òkúta

Ọwọ́ yín ò ṣe nǹkan kan. Kóró òfìo ní ojú bí iṣu ti ní in, àmọ́ ojú tirẹ̀ kéré púpọ̀, orí kan ṣoṣo ni wọ́n sì ṣùjọ sí, ìyẹn orí tó kọjú sí ibi tó ti já lára okùn gbòǹgbò. Èyí tó wà nínú ọ̀rá sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n ti bó. Bí wọ́n ṣe ń bó o ni ojú ń bá èèpo lọ. Èyí tí wọ́n yan, ẹ ò nílò ká sọ fún yín, ó ti kú.

Ní ti orí bárò, omi ni ọ̀rọ̀ wà. Òfìo tútù tí wọ́n ń tà kì í sábà jẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú. Èyí tó ti gbẹ ni wọ́n rẹ títí ó fi wú. Omi ọjọ́ kan ń jí i, omi ọjọ́ mẹ́rin tí wọn ò pààrọ̀ ń pa á. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń kan, ẹ má gbìn ín. Ẹ má jẹ ẹ́ náà.

Òfìo gbígbẹ tó ṣì wọ èèpo rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ rà, láti inú àpò, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta oúnjẹ oníhóró ní kóńgò. Èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí oyin tó sì tóbi ni kẹ́ ẹ ṣà; ó sábà máa ń so kóró ńlá ju oríṣi dúdú lọ, omi wàrà rẹ̀ sì ń pọ̀. Kẹ́ ẹ tó ná owó sórí ilẹ̀, ẹ ka ogún kóró, ẹ rẹ wọ́n, ẹ wé wọn sínú aṣọ tútù, ẹ fi ọ̀rá bò wọ́n, kẹ́ ẹ sì gbé wọn síbi tó móoru fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí mẹ́rìndínlógún bá yọ ojú, ó dára. Bó bá jẹ́ méjìlá, ẹ fi mẹ́ta sínú ihò kan. Bí kò bá tó mẹ́wàá, ẹ fi ìyókù àpò yẹn ṣe wàrà.

*Ewé òfìo mi ga dé orókún, ó dúdú mìnìjọ̀, gbogbo ẹni tó kọjá ló ń yìn ín. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá mo hú ìdí mẹ́ta: kóró mẹ́rin péré ni mo rí, wọn ò sì ju ẹ̀wà lọ. Ẹ̀gbẹ́ kànga, lábẹ́ máńgòrò, ni mo gbìn ín sí. Ìgbẹ́ adìẹ tuntun ni mo fi sí i.*
— Olùkọ́ afẹ̀yìntì, Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀gá, ẹ ti dáhùn ìbéèrè náà fúnra yín nínú gbólóhùn méjì tó gbẹ̀yìn. Ohun mẹ́ta ló papọ̀.

Òjìji ló kọ́kọ́ ṣe é. Oòrùn ni ewé fi ń ṣe oúnjẹ, àṣẹ́kù oúnjẹ náà ló sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ di kóró. Lábẹ́ máńgòrò, ewé kàn ń rí tẹnu rẹ̀ ni, kò sí àṣẹ́kù. Òfìo nílò oòrùn gangan fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ó kéré tán. Ẹ̀gbẹ́ kànga dára nítorí omi, ṣùgbọ́n ẹ ó gé ẹ̀ka máńgòrò tó dojú kọ ọ́, tàbí kẹ́ ẹ sún kúrò níbẹ̀.

Ìgbẹ́ adìẹ tuntun ló tẹ̀ lé e. Ohun tó wà nínú rẹ̀ tó ń mú ewé dúdú ti pọ̀ jù, ewé sì ni òfìo ń fi san án padà. Ìgbẹ́ tó ti jẹrà fún oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, ni kẹ́ ẹ lò. Bí ewé bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tí ebi ń pa á lóòótọ́, ẹ wọ́n ajílẹ̀ NPK 15:15:15 sí àárín ìlà, 100 gíráàmù fún pèpéle mítà 3 sí 1.2. Ó lé díẹ̀ ní ìdajì agolo mílíkì. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Eérú ààrò náà dára, ẹ̀kúnwọ́ mẹ́rin sí márùn-ún fún pèpéle kan.

Ọ̀rọ̀ kẹta rọrùn: ẹ ti yá hú u jù. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá, kóró ṣì ń wú. Ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀ títí ìdá méjì nínú mẹ́ta ewé rẹ̀ á fi gbẹ, ẹ má fi nǹkan kan sí i mọ́. Ẹ lè rí kóró tó ṣeé jẹ nínú rẹ̀, àmọ́ ẹ má retí púpọ̀ lọ́dún yìí.

*Ẹ̀gbọ́n, dáńdá pọ̀ nínú ọgbà iléèwé wa. Olùkọ́ wa ní òfìo ni, pé ká máa jẹ ẹ́. Báwo la ṣe máa dá wọn mọ̀? Àti pé bí a bá gbin òfìo tòótọ́, ṣé òun náà ò ní gba ọgbà mọ́ wa lọ́wọ́?*
— Akẹ́kọ̀ọ́ SS2, Ìlá Ọ̀ràngún

Ìbéèrè rẹ ló dára jù nínú ọ̀wọ́ yìí. Òfìo àti dáńdá jọra torí ọmọ ìyá ni wọ́n. Di igi òdòdó èyíkéyìí nínú méjèèjì mú, kí o yí i láàárín ìka: igun mẹ́ta ló ní, kò sì ní oríkèé bí koríko. Ìyẹn ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Òdòdó ni kí o wò. Ti òfìo pọ́n bí koríko gbígbẹ, ti dáńdá ṣe pupa rúsúrúsú. Wo ṣóńṣó ewé: ti òfìo ń tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀ títí ó fi parẹ́, ti dáńdá gé kúrú lójijì. Kí o wá fara balẹ̀ gbẹ́ ìdí rẹ̀, má fà á tu. Òfìo ń so kóró kan ní òpin okùn kan. Dáńdá ń so tirẹ̀ tẹ̀ léra lórí okùn kan náà bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Bí ó bá ṣì rú ọ lójú, gé kóró náà kí o gbóòórùn rẹ̀: ti dáńdá ń ta sánsán bí egbòogi, ó sì korò. Òfìo dùn. Sọ fún olùkọ́ rẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ní ti ìbéèrè kejì, bẹ́ẹ̀ ni, ó lè gbà á. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Minnesota, Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde lọ́dún 1961, kóró kan ṣoṣo oríṣi rẹ̀ tó ń hù fúnra rẹ̀ di nǹkan bí 1,900 ìdí àti nǹkan bí 6,900 kóró láàárín ọdún kan. Èyí tí à ń gbìn kò ya ewèlè tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Torí náà, mọ odi yí i ká kí o tó gbìn ín, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti sá. Ògbólógbòó páànù òrùlé dára fún un: ri ín mọ́lẹ̀ tó 40 sẹ̀ǹtímítà yí pèpéle ká, kí 5 sẹ̀ǹtímítà yọ sókè. Fi ìpẹ̀kun páànù kan lé èkejì lórí, torí okùn òfìo á wá àlàfo ibẹ̀ rí. Má ṣe fi ọkọ́ tí o fi ro ó ro ibòmíràn láì fọ̀ ọ́. Bí ẹyọ kan bá sì hù síta, tu ú kó tó pé oṣù kan, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bí kóró tuntun. Wa ilẹ̀ tẹ̀ lé e títí dé kóró ìyá. Bí o bá fa ewé já lásán, kóró tó kù nílẹ̀ á tún rú.

Àwọn kan á sọ pé kẹ́ ẹ fín oògùn apakoríko. Glyphosate, tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ń pa ewé tó bà lé. Kì í pa kóró tó ń sùn nílẹ̀ tí kò tíì yọ ewé. Òjò kejì, ó ti padà dé. Ẹlẹ́dẹ̀ ni kì í ṣẹ́ kóró kù, bí iléèwé yín bá ní ẹlẹ́dẹ̀.

*Ọgbà ẹ̀yìn ilé mi ní Peckham rin bí ilẹ̀ àkúrọ̀, òtútù sì ni gbogbo ọdún. Ṣé òfìo lè ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù rárá?*
— Ọmọ Ìjẹ̀bú kan, Lọ́ńdọ̀nù

Ó lè ṣe, ṣùgbọ́n nínú ìkòkò ńlá, kì í ṣe nínú ilẹ̀ yẹn. Ilẹ̀ tó rin tó sì tutù ń mú kó jẹrà kó tó hù. Òfìo ò kórìíra Yúróòpù: àwọn ará Valencia ní Sípéènì ń gbìn ín lóko rẹpẹtẹ, pàápàá ní agbègbè Alboraya, òun ni wọ́n sì fi ń ṣe ohun mímu tí wọ́n ń pè ní horchata. Wọ́n ń gbìn ín sórí ebè gígùn ní oṣù Kẹrin sí Karùn-ún, wọ́n ń sun ewé rẹ̀ nígbà tó bá gbẹ, wọ́n sì ń hú u láti oṣù Kọkànlá lọ. Àmọ́ oòrùn Valencia kọ́ ni oòrùn Peckham.

Ẹ wá ìkòkò tó gbà tó 40 lítà, tó jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, tí ìdí rẹ̀ sì lu. Ìdá méjì compost (iyẹ̀pẹ̀ olóràá tí wọ́n ń tà nínú àpò), ìdá kan yanrìn líle. Ẹ rẹ kóró mẹ́jọ, kẹ́ ẹ mú wọn hù nínú ilé ní ìdajì oṣù Kẹrin, níbi tí ooru kò ti lọ sílẹ̀ ju 20°C. Ẹ má gbé e síta kí òtútù yìnyín tó tán, ìyẹn ìparí oṣù Karùn-ún tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, kẹ́ ẹ sì gbé e ti ògiri tó kọjú sí gúúsù. Ní oṣù Keje àti Kẹjọ, ẹ fi àwo omi sábẹ́ rẹ̀, omi 2 sẹ̀ǹtímítà, kó mu ún tán kẹ́ ẹ tó tún bu òmíràn. Ewé nìkan lẹ máa rí nígbà yẹn, torí ọ̀sán gígùn ń mú un bí ewé. Bí ọ̀sán bá ti ń kúrú ló ń kọjú sí kóró. Ẹ hú u nígbà tí yìnyín àkọ́kọ́ bá pa ewé rẹ̀.

Àwọn tó ń ta ìjẹ ẹja níbẹ̀ náà ń ta òfìo, torí ẹja carp fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá tútù ni tàbí bíbọ̀. Bíbọ̀ ò ní hù. Ẹ má sì da iyẹ̀pẹ̀ ìkòkò náà sínú ọgbà lẹ́yìn náà. Ní Netherlands, òfin wà lórí oko tí oríṣi rẹ̀ tó ń hù fúnra rẹ̀ bá ti wọ̀.

*Ibi tí omi balùwẹ̀ wa ń ṣàn sí ló rin jù. Ṣé mo lè gbìn ín síbẹ̀?*
— Olùkàwé kan, Ìwó

Rárá o. Tútù là ń jẹ òfìo, ìlà ara rẹ̀ sì ń fi ìdọ̀tí pamọ́. Omi ọṣẹ àti ohun tó ń bá a rìn ò yẹ kó dé ìdí ohun tí a ò ní sè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àwọn baba wa ń gbìn sẹ́yìn balùwẹ̀, wọn ò ṣìṣe. Ọ̀rọ̀ kan náà ni fún ẹ̀gbẹ́ ṣálángá àti sọ́kàwéè.

*Mo hú òfìo mi lóṣù Kejìlá, mo sá a fún ọjọ́ mẹ́ta, mo dà á sínú àpò ọ̀rá. Lóṣù Kejì, ó ti bu fúnfun. Nígbà tí mo fi ìyókù ṣe wàrà, ó dì bí ẹ̀kọ nígbà tí mo gbé e kaná. Èyí tí n kò gbé kaná kan kí ilẹ̀ tó mọ́.*
— Ìyá ọlọ́jà, Ṣakí

Ìyá wa, ọjọ́ mẹ́ta ò tó. Òfìo tuntun, ìdajì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi. Èèpo òde ń tètè gbẹ, ó ń tan ojú jẹ, inú ṣì tutù. Bẹ́ ẹ bá wá dí i sínú ọ̀rá, omi inú á jáde wá bá èèpo, ó di ibùgbé èbu. Nígbà míì tí ẹ bá hú u, ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi mẹ́ta, kẹ́ ẹ ṣa èyí tí ọkọ́ gé àti èyí tí kòkòrò jẹ sọ́tọ̀ fún jíjẹ lọ́jọ́ náà. Ẹ tẹ́ ìyókù sórí ẹní tàbí tápólì tí ẹ gbé ka orí igi, kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kó má nípọn ju ìka kan lọ, kẹ́ ẹ máa yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Kó wọlé lálẹ́ kí ìrì má sẹ̀ sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì nígbà ọyẹ́ kì í ṣe àṣejù. Ìwọ̀n ló máa jẹ́rìí: bí kìlò kan tútù bá di nǹkan bí ìdajì kìlò ó lé díẹ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò sì yí padà fún ọjọ́ méjì tẹ̀ léra, ó ti gbẹ. Á dún bí òkúta wẹ́wẹ́ bẹ́ ẹ bá mì í. Àpò tó ń mí ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ gbé e ka orí pákó. Èyí tó ti bu, ẹ má fọ̀ ọ́ tà. Májèlé èbu kì í bá omi lọ.

Wàrà tó ń dì kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ohun tó ń dì nínú ẹ̀kọ wà nínú òfìo náà, iná sì ni í mú un dì. Ẹ wọn 250 gíráàmù òfìo gbígbẹ, ẹ ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí 12 sí 24 pẹ̀lú omi tí ẹ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kẹ́ ẹ tó lọ̀ ọ́, ẹ da omi gbígbóná lé e lórí fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ dà á kúrò. Ara èèpo ni ohun tó ń mú un kan pọ̀ sí. Ẹ fi omi mímọ́ lítà kan lọ̀ ọ́ ní ìgbà méjì, kẹ́ ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ẹ gbé omi rẹ̀ sínú fíríìjì fún wákàtí méjì. Funfun tó bá rọ̀ sísàlẹ̀ ló ń dì. Ẹ rọra da òkè rẹ̀ sínú ìkòkò míràn, kẹ́ ẹ mú un lọ́wọ́ọ́wọ́ lórí iná kékeré, kẹ́ ẹ máa rò ó, kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́ kó tó hó. Ẹ tètè gbé e sínú omi yìnyín. Nínú fíríìjì tó tutù dáadáa, ọjọ́ méjì ni kẹ́ ẹ kà fún un. Lórí àtẹ nínú oòrùn Ṣakí, wákàtí díẹ̀ ni. Yìnyín ò gbọ́dọ̀ tán nídìí rẹ̀.

Funfun tó rọ̀ sísàlẹ̀, ẹ pò ó mọ́ ògì. Èérí rẹ̀, ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́. Bẹ́ ẹ ò bá ní ewúrẹ́, ẹ dà á sídìí igi. Èyí tí ẹ̀rọ bá ti lọ̀ ò lè hù mọ́.